Bulwer-Lytton: Gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé tó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí ni kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Edward Bulwer-Lytton. Láyé Ọbabìnrin Victoria, orúkọ ọkùnrin yìí gbajúmọ̀ bí ìṣáná ẹlẹ́ẹ́ta. Ó kọ ewì, ó kọ ìtàn àròsọ, ó kọ eré oníṣe, ó sì ṣe òṣèlú títí ó fi di mínísítà. Inú Richelieu, eré rẹ̀ ti ọdún 1839, ni ọ̀rọ̀ tó gbé agbára gègé ga ju ti idà lọ ti jáde, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti fi ṣe àríyànjiyàn láìmọye ìgbà láìmọ ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1803 ni wọ́n bí i ní London. Ọ̀gágun ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Ìyá rẹ̀, Elizabeth Lytton, ló jogún Knebworth, ilé ńlá ìdílé Lytton ní Hertfordshire, ọwọ́ rẹ̀ sì ni owó wà. Ní Yunifásítì Cambridge, ewì tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù ní 1825. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló gbé Rosina Wheeler, ọmọ ilẹ̀ Ireland, níyàwó. Ìyá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ ọmọbìnrin náà, ó sì dá owó tó ń fún ọmọ rẹ̀ dúró. Tọkọtaya yìí fẹ́ràn ayé gbẹdẹmukẹ, gègé nìkan ló sì kù tí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà.

Bulwer wá kọ̀wé bí ẹni tí gbèsè ń lé. Pelham ló sọ ọ́ di olókìkí ní 1828. Ní 1830, ó fi Paul Clifford, ìtàn adigunjalè kan, bá òfin ilẹ̀ rẹ̀ wí, òfin tó ń so ènìyàn kọ́ láìbéèrè ohun tó sọ ọ́ di ọ̀daràn. Àwòrán kan tí Karl Bryullov, ará Rọ́ṣíà, yà, tí Bulwer rí ní Milan, ló bí The Last Days of Pompeii ní 1834, ìtàn ìlú tí òkè Vesuvius da eérú bò ní ọdún 79. Richard Wagner fi Rienzi, ìwé rẹ̀ ti 1835, ṣe eré olórin. Lórí ìtàgé, The Lady of Lyons àti Money pa owó wọlé fún àwọn eléré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ewì nìkan ni kò gbè é tó bó ṣe fẹ́: King Arthur, ewì gígùn tó gbà pé òun ni aráyé yóò fi máa rántí òun, kò ta àwọn òǹkàwé jí.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí Charles Dickens parí Great Expectations ní 1861, Bulwer-Lytton ló gbà á nímọ̀ràn pé kó má fi ìbànújẹ́ kásẹ̀ ìtàn náà nílẹ̀. Dickens gbọ́, ó sì tún ìparí rẹ̀ kọ.

Nínú ilé ni nǹkan ti bàjẹ́. Ní 1836, òun àti Rosina pínyà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbà pé bàbá ló ni ọmọ, bí wọ́n ṣe gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ ìyá wọn nìyẹn. Rosina náà lè kọ̀wé. Ní 1839, ó gbé Cheveley jáde, ìtàn àròsọ tó tú àṣírí ọkọ rẹ̀ síta lábẹ́ orúkọ mìíràn. Emily, ọmọbìnrin wọn, kú ní 1848 láìtíì pé ọmọ ogún ọdún.

Oṣù Kẹfà ọdún 1858 ni ọ̀rọ̀ di ti gbangba. Wọ́n fi Bulwer-Lytton ṣe mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso, ọ́fíìsì tí àwọn gómìnà Èkó wá ń jábọ̀ fún lẹ́yìn tí Britain gba ìlú náà ní 1861. Òfin ìgbà náà sọ pé aṣòfin tó bá di mínísítà gbọ́dọ̀ padà lọ gba ìbò. Bó ṣe wà níwájú àwọn olùdìbò ní Hertford ni Rosina yọ sí i láti Taunton, ìlú tó ń gbé, tó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn lójú gbogbo ayé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníṣègùn fi fọwọ́ sí ìwé pé orí obìnrin náà ti dàrú, ọkọ rẹ̀ sì mú kí wọ́n tì í mọ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Brentford.

Àwọn ará Taunton kò gbà. Somerset County Gazette gbé ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìwé ìròyìn London dá sí i, ariwo sì pọ̀ débi pé lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tú u sílẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ohun kankan nínú iṣẹ́ Bulwer-Lytton tó lè wẹ èyí nù. Ẹni tó kọ odindi ìwé kan lòdì sí òfin tó ń fìyà jẹ aláìní, òun náà ló lo òfin láti pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Láàárín nǹkan bí ọdún kan tó lò nípò mínísítà, wọ́n dá British Columbia sílẹ̀, níbi tó jẹ́ ara Kánádà lónìí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú kékeré kan níbẹ̀: Lytton. Ìlú yẹn ni ooru rẹ̀ dé ìwọ̀n 49.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù Kẹfà 2021, ooru tí Kánádà kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, iná jó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ di eérú. Láti inú The Coming Race, ìwé Bulwer-Lytton ti 1871, ni wọ́n sì ti mú ìdajì orúkọ Bovril, omi ẹran tó ki náà.

Ohun tó kù fún un lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ẹ̀sín. Ní 1982 ni Scott Rice, olùkọ́ ní Yunifásítì San Jose ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìdíje ẹni tó lè kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tó burú jù, nítorí gbólóhùn gígùn nípa òru, òjò àti ìjì tó fi bẹ̀rẹ̀ Paul Clifford. Òótọ́ ni pé àsọdùn pọ̀ nínú gbólóhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ ká fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ìwé tó gbèjà àwọn aláìní.

Bulwer-Lytton kú ní oṣù Kìíní 1873, wọ́n sì sin ín sí Westminster Abbey. Rosina kú ní 1882, sàréè rẹ̀ kò sì ní àmì kankan títí di 1995, tí ọ̀kan nínú àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ fi gbé òkúta sí i. Ìwé tìrẹ náà ṣì wà, A Blighted Life, tí wọ́n tẹ̀ ní 1880. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ Bulwer-Lytton, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ti ọkọ láìka ti ìyàwó.