Ẹ Má Tíì Lé Ọmọ Kékeré Yẹn Kúrò Nínú Tíìmù: Ohun Tí Sáyẹ́ǹsì Sọ Nípa Fífi Ọmọ Ilé Kọ́ Ẹgbẹ́ Tó Ń Borí

Bí ẹ bá gba Ìlódè kọjá nírọ̀lẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí àwọn ọmọ tó fi òkúta méjì méjì ṣe ojú gólì, tí wọ́n ń gbá mónkí pọ́ọ̀sì. Ẹ dúró wò wọ́n díẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀kan tó ga, tó síngbọnlẹ̀, tó ń ti àwọn yòókù ṣubú bí ẹni pé wọn ò jẹun sùn. Ẹ ó tún rí ọ̀kan tó tín-ín-rín, tí bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, àmọ́ tí wọ́n kàn ń fi èjìká gbá dànù. Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọ̀kan péré nínú àwọn méjèèjì sínú tíìmù àdúgbò, ta lẹ máa mú?

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ kóòṣì á mú èyí tó ga, tíìmù náà á sì borí lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa bí ara ọmọdé ṣe ń dàgbà fi hàn pé irú yíyàn yẹn lè ná wa ní tíìmù tó yẹ kó borí ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Ọmọ ilé ti gba ife rí

Kí a tó wọ inú sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ ká rántí pé fífi ọ̀dọ́ ilé kọ́ tíìmù kì í ṣe àlá. Ní 1976, ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn na Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ní àpapọ̀ gólì 4 sí 2, wọ́n sì gba ife àwọn olùborí ife ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí kíláàbù Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Lára àwọn òpó ẹgbẹ́ yẹn ni Muda Lawal, tó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde, àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní March 1980, àwọn méjèèjì yìí ló jẹ gbogbo gólì 3 tí Nàìjíríà fi na Algeria nílùú Èkó, tí a fi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí jẹ 2, Lawal jẹ 1.

Ẹni tó kéré jù nínú tíìmù 1980 yẹn, Henry Nwosu, ọmọ ọdún 16 ni. Ilé ẹ̀kọ́ St Finbarr's ní Akọka, l'Ékòó, ló ti jáde wá. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó di kápútẹ́ẹ̀nì tíìmù tó gba ife Áfíríkà ní 1994, àti kóòṣì tíìmù tó gbà á ní 2013. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo ti 1993. Nwankwo Kanu, Celestine Babayaro, Wilson Oruma àti Mobi Oparaku wà nínú tíìmù ọmọdé tó gba ife àgbáyé ní Japan. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ẹgbẹ́ tó na Brazil ní 4 sí 3, tó na Argentina ní 3 sí 2, tó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì 1996. Àwọn ará Ghana náà ṣe tiwọn. Ní 2009, àwọn ọ̀dọ́ wọn tí kò tíì pé 20 gba ife àgbáyé lọ́wọ́ Brazil nípa pẹnárítì. Ní 2010, mélòó kan nínú wọn, bíi Dede Ayew àti Samuel Inkoom, wà nínú tíìmù àgbà tó dé ìpele ẹlẹ́ni 8 ní South Africa.

Ohun tó jọra nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n rí ọmọ lásìkò, wọ́n sì fún un láyè kó gbó. Ó dáa, kí ló wá dé tí irú rẹ̀ kò fi wọ́pọ̀?

Oṣù tí wọ́n bí ọmọ

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nídìí eré ìdárayá, ohun tí a ń pè ní ṣámúṣámú lè máà ju pé wọ́n tètè bí ọmọ ọ̀hún lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọ méjì. Wọ́n bí Àyìndé ní ọjọ́ 3 oṣù January, wọ́n bí Àkànní ní ọjọ́ 28 oṣù December ọdún kan náà. Nínú ìwé, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ìdíje kan náà ni wọ́n máa gbá. Ṣùgbọ́n Àyìndé fi nǹkan bí oṣù 12 ju Àkànní lọ. Fún ọmọ ọdún 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn! Àyìndé á ga jù, á yára jù, kóòṣì á sì ní, "Ẹ ò rí i, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni." Wọ́n á mú un. Á rí bọ́ọ̀lù gidi gbá, á rí kóòṣì gidi, á rí ìdíje. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ti wá dára ju Àkànní lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀bùn ló fà á ni, àbí àyè tí wọ́n fún un?

Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tó ń gbá hóòkì orí yìnyín. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní January sí March pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọ̀gá eré náà, àwọn tí wọ́n bí ní òpin ọdún sì kéré. Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àti eré mìíràn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò sí ìràwọ̀ tàbí kádàrá kankan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fa ìlà ọjọ́ orí sí ló fà á.

Ara kì í ka kàlẹ́ńdà

Ká tiẹ̀ ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn ọmọ méjì, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ìgbà kan wà tí ọmọ máa ń ga lójijì, tí ṣòkòtò tí a rà nígbà Ọdún Iléyá kò ní kan kókósẹ̀ mọ́ nígbà Kérésì. Lára ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin, nǹkan bí ọdún 13 sí 14 ni ìdàgbà yìí máa ń gbóná jù, ọmọ sì lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 ga sí i láàárín ọdún kan. Ti ọmọbìnrin máa ń ṣáájú pẹ̀lú nǹkan bí ọdún 2. Àmọ́ ti ẹlòmíì á tètè dé, ti ẹlòmíì á pẹ́. Nítorí náà, ọmọ ọdún 13 méjì lè dúró níwájú yín, kí ara ọ̀kan ti dà bíi ti ọmọ ọdún 15, kí ti èkejì ṣì dà bíi ti ọmọ ọdún 11.

Ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ kò burú o. Yóò dàgbà. Sheffield Wednesday lé Jamie Vardy nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n ní ó kéré jù. Ní 2016, òun ló ń jẹ gólì fún Leicester nígbà tí wọ́n gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní kan tiẹ̀ wà nínú pípẹ́ dàgbà: ọmọ tí kò lágbára gbọ́dọ̀ kọ́ ọgbọ́n, kó yára ronú, kó mọ ibi tí yóò dúró sí. Ẹni tó ga kò nílò ìyẹn, títí di ọjọ́ tí àwọn yòókù á ga bá a.

Ìdí nìyẹn tí Premier League fi dán ọgbọ́n kan wò nínú àwọn akádẹ́mì wọn. Dípò kí wọ́n máa fi ọjọ́ orí nìkan pín àwọn ọmọ, wọ́n ṣe ìdíje tí wọ́n fi ibi tí ara ọmọ dé nínú ìdàgbà pín wọn. Àwọn tó ti tètè ga bá ẹgbẹ́ wọn pàdé, ni wọ́n bá ní láti lo ọgbọ́n dípò èjìká. Àwọn kékeré náà wá rí àyè láti ṣe ọ̀gá lórí pápá.

Nígbà tí a bá fi àgbà gba ipò ọmọdé

Bí ó bá jẹ́ pé ara tó gbó ló ń gba ife, ọgbọ́n burúkú kan wà tó yá ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn ni kí a mú ẹni tó ti dàgbà, kí a fún un ní "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù". Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí, a kì í kàn sọ ọ́ sókè ni.

Egungun kì í purọ́ bíi ìwé. Nítòsí ìpẹ̀kun egungun ọmọdé, ìlà kan wà tó ṣì rọ̀ bíi ti etí. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Tí ọmọ bá dàgbà tán, ìlà náà á dí pátápátá. Ti ọrùn ọwọ́ kì í sábà dí tán kí ọmọkùnrin tó pé 17. Ní ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì ju 17 lọ tó wáyé ní Nàìjíríà níbí ní 2009, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, wo ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní 2016, àyẹ̀wò yìí lé 26 nínú àwọn ọmọ Golden Eaglets wa kúrò, Niger ló sì wá já wa. Àwa tí a gba ife náà ní 2015 kò sí níbẹ̀ ní 2017. Nígbà tí 2022 ń parí lọ, Kamẹrúùnù náà lé 21 nínú 30.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé yìí: 1985, 1993, 2007, 2013, 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, tíìmù àgbà wa kò tíì kọjá ìpele ẹlẹ́ni 16 nínú ife àgbáyé rí. Irọ́ ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ipò tí ẹni ọdún 20 bá gbà nínú tíìmù ọmọ ọdún 17, ipò ọmọ kan ni, ọmọ tó yẹ kó máa gbó lọ kó lè wúlò fún wa lọ́la. Àgbẹ̀ tó bá se ẹ̀bù iṣu rẹ̀ jẹ á yó lónìí, àmọ́ kí ni yóò gbìn?

Sùúrù àwọn ará Kansas City

Baseball ni eré tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹnì kejì á fi igi lù ú. Ní Amẹ́ríkà, Kansas City Royals kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ńlá. Ọdún 29 ni wọ́n fi wà láì dé ìpele komẹsẹ̀-ó-yọ. Wọ́n wá mú ọ̀dọ́ bíi Mike Moustakas ní 2007 àti Eric Hosmer ní 2008. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Salvador Perez láti Venezuela ní 2006, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Wọ́n tọ́ wọn pọ̀ ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n fìdí rẹmi pẹ̀lú wọn, wọ́n sì gba ife ńlá ní 2015. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án láti ọjọ́ tí Perez fọwọ́ síwèé.

Eré yìí kan náà kọ́ wa pé a kì í fi ọmọ ṣiṣẹ́ jù. Bí ọmọ bá ń ju bọ́ọ̀lù láì sinmi, ìlà egungun rírọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lè fara pa. Nítorí ìyẹn, láti 2007, Little League ti Amẹ́ríkà fi òfin dè é: ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọ́dọ̀ jù ju 85 lọ lọ́jọ́ kan. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, orúnkún ló sábà máa ń jìyà. Ọmọ tó ń ga kíákíá, tó ń sáré, tó ń fò lójoojúmọ́, á máa ní ìrora lábẹ́ orúnkún níwájú, ibi tí iṣan ti di egungun mú. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ni.

Kí la lè ṣe ní Ìlódè?

Kò nílò ẹ̀rọ MRI. Téèpù ìwọ̀n kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti sùúrù ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ máa wọn gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láì wọ bàtà, ní wákàtí kan náà. (Ṣé ẹ mọ̀ pé a máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ?) Tí ọmọ bá ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ga sí i láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ dín fífò àti eré àsápajúdé rẹ̀ kù fúngbà díẹ̀.

2. Ẹ kọ oṣù ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Tí ẹ bá mú tíìmù tán, ẹ ka iye àwọn tí wọ́n bí ní ìdajì kejì ọdún. Tí wọn ò bá pọ̀, ẹ tún ojú yín wò.

3. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi gíga pín àwọn ọmọ dípò ọjọ́ orí. Ẹ ó rí ohun tí ẹ ò rí rí.

4. Ẹ̀yin òbí, ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn ní kété tí ẹ bá ti bí i. Òótọ́ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ṣòro láti yí padà lọ́jọ́ iwájú.

5. Ẹ má yọ ọmọ kúrò nílé ìwé. St Finbarr's fi hàn pé ìwé àti bọ́ọ̀lù lè gbé inú ilé kan náà.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe físíò, wà nílùú kan náà pẹ̀lú wa. Kóòṣì àdúgbò tó bá gbé ìwé àkọsílẹ̀ ọdún méjì lọ síbẹ̀ ní ohun gidi lọ́wọ́ tí wọ́n lè jọ jókòó tì.

Ọmọ tí ẹ lé lónìí nítorí pé ó kéré kò ní dúró dè yín. Á lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn, á sì ga nígbà tó bá yá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá mọ kóòṣì kan tó ń mú ọmọ sí tíìmù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́ sí i kó tó ka orúkọ.