Kíkó báàgì olórúkọ jọ

Kíkó báàgì olórúkọ jọ ni àṣà kí ènìyàn máa ra báàgì ìfàlọ́wọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Hermès, Chanel, Louis Vuitton, Gucci àti Dior ṣe, kí ó sì máa tọ́jú wọn pa mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń kó owó àtijọ́, sítáǹpù tàbí àwòrán jọ. Àwọn kan ń ṣe é nítorí ẹwà, àwọn kan nítorí ìtàn, àwọn mìíràn sì gbà pé báàgì lè di owó lọ́jọ́ iwájú. Láti ìgbà tí ọjà àlòkù ti gbòòrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ilé gbàǹjo ńlá sì ti ń ta báàgì bí wọ́n ṣe ń ta àwòrán, àwọn olùkójọ ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́. Olórí ẹ̀kọ́ náà ni pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára awọ nìkan kọ́ ló ń gbé iye báàgì ró. Ìmọ̀ ẹni tó rà á, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe tọ́jú rẹ̀ náà ń kó ipa pàtàkì.

Ìtàn

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò fi báàgì obìnrin bẹ̀rẹ̀. Thierry Hermès dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Párísì ní ọdún 1837 láti máa ṣe ìjánu àti ohun èlò ẹṣin. Louis Vuitton ṣí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìlú kan náà ní ọdún 1854, àpótí ìrìnàjò ni ó sì ń ṣe. Ọmọ rẹ̀, Georges Vuitton, ló gbé àmì lẹ́tà L àti V pẹ̀lú òdòdó jáde ní ọdún 1896, kí ó lè ṣòro fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọjà wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹṣin, tí ìrìnàjò sì ń yára sí i, irú àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí yí ọgbọ́n tí wọ́n ní nípa awọ sí ṣíṣe báàgì.

Ní oṣù kejì ọdún 1955, Coco Chanel gbé báàgì tí a mọ̀ sí 2.55 jáde. Oṣù àti ọdún yẹn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ó fi ṣéènì sí i kí obìnrin lè gbé e kọ́ èjìká, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lófìfo. Ní ọdún 1956, wọ́n ya àwòrán Grace Kelly, òṣèré Amẹ́ríkà tó di ìyàwó ọba Monaco, pẹ̀lú báàgì Hermès kan tí ó fi bo oyún inú rẹ̀. Báàgì yẹn ti wà láti àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n àwòrán náà ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ ọ́n ká, ilé-iṣẹ́ náà sì fún un ní orúkọ Kelly ní ọdún 1977.

Báàgì Birkin ló tẹ̀lé e. Jane Birkin, òṣèré àti akọrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti Jean-Louis Dumas, olórí ilé-iṣẹ́ Hermès, nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ láti Párísì sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹrù inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún Dumas pé òun kò rí báàgì tó gba ẹrù ìyá ọlọ́mọ. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ya àwòrán báàgì tuntun, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 1984.

Iye owó

Ẹ̀kọ́ tó máa ń kọ́kọ́ dé bá olùkójọ ni pé iye tí ènìyàn ra báàgì ní ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí iye tí yóò rí tà á. Ọ̀pọ̀ báàgì olórúkọ ni owó wọn ń wálẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti kúrò lórí àtẹ, bíi ti ọkọ̀ tuntun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni owó rẹ̀ ń gòkè, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn tó ń wá wọn pọ̀ ju iye tí wọ́n ń ṣe lọ. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá gbé owó dání ló lè wọ ṣọ́ọ̀bù Hermès kí ó sì gbé Birkin jáde. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń yan oníbàárà tí yóò fi lọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò rí i rà níbẹ̀ fi ń gbà láti san owó tó ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ ní ọjà àlòkù. Ní ọdún 2017, ilé gbàǹjo Christie's ta Birkin kan tí wọ́n fi awọ ọ̀nì ṣe, tí wọ́n sì fi dáyámọ́ǹdì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ní Hong Kong. Owó rẹ̀ lé ní 370,000 dọ́là Amẹ́ríkà.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí ìròyìn báàgì tó wọ́n jù ló ń tàn kálẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ròyìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó pàdánù iye wọn. Àṣà pẹ̀lú kì í dúró sójú kan. Fendi gbé báàgì Baguette jáde ní ọdún 1997. Orúkọ búrẹ́dì gígùn àwọn ará Fránsì ni wọ́n fún un, nítorí abẹ́ apá ni wọ́n ń há a sí. Ó gbòde nígbà náà, ó sì di ohun ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé-iṣẹ́ náà tó tún gbé e jáde ní ọdún 2019. Báàgì Saddle ti Dior, èyí tí John Galliano ṣe, gba ọ̀nà kan náà: ó lókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó kógbá sílé, ó sì padà dé ní ọdún 2018. Ẹni tó ta tirẹ̀ nígbà tí àṣà náà kú, owó kékeré ni ó gbà. Ẹni tó rà á nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì ń lò ó, kò pàdánù nǹkan kan. Èyí ló mú kí àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ máa gba àwọn tuntun níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fi owó oúnjẹ, owó ilé tàbí owó ìyáwó ra báàgì pẹ̀lú ìrètí èrè.

Ayédèrú àti ẹ̀rí

Ayédèrú ni ewu tó tóbi jù lọ. Tẹ́lẹ̀, ojú lásán lè mọ̀ ọ́n: lẹ́tà orúkọ a wọ́, ìránsí a rí jákujàku, irin rẹ̀ a sì fúyẹ́. Lóde òní, ayédèrú kan wà tí wọ́n fi awọ gidi ṣe, tó jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni yóò tú u fó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ohun tí olùkójọ ń yẹ̀ wò kí ó tó sanwó nìwọ̀nyí:

• Ìránsí: ní Hermès, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán àwọn báàgì bíi Kelly àti Birkin pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì sábà ń ṣe báàgì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

• Àmì ọdún: láti ọdún 1945 ni Hermès ti ń fi lẹ́tà ṣe àmì ọdún tí wọ́n ṣe báàgì. Láti ọdún 1971 sí 1996, lẹ́tà náà wà nínú òbìrípo. Láti ọdún 1997 sí 2014, inú àpótí onígun mẹ́rin ni ó wà.

• Nọ́ńbà: láti àwọn ọdún 1980 ni Chanel ti ń lẹ sítíkà onínọ́ńbà mọ́ inú báàgì, tí Louis Vuitton náà sì ń tẹ àmì tó ń sọ ibi àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ní ọdún 2021, àwọn méjèèjì fi microchip rọ́pò rẹ̀.

• Ìwé: rìsíìtì, káàdì, àpótí àti àpò aṣọ tó bá báàgì wá.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dá tó ẹ̀rí, nítorí àwọn oníjìbìtì ń da nọ́ńbà kọ, wọ́n sì ń ṣe rìsíìtì àti àpótí pẹ̀lú. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá fi irú irin tí ilé-iṣẹ́ kan kò lò kí ó tó di ọdún 2000 sí báàgì tí àmì rẹ̀ ń sọ pé ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é, irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Yàtọ̀ sí owó tó ń ṣòfò, ọ̀ràn òfin tún wà níbẹ̀. Ní Fránsì àti Ítálì, àwọn aṣọ́bodè lè gba ayédèrú lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, kí ó sì tún san owó ìtanràn.

Ìtọ́jú

Awọ jẹ́ ohun tó ti ní ẹ̀mí rí, kò sì ṣíwọ́ yíyí padà. Oòrùn ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Awọ tí a kò kùn, irú èyí tí Louis Vuitton fi ń ṣe ìdìmú, ń dúdú díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ sí bíi Èkó, báàgì tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́ lè bu, pàápàá ní àsìkò òjò, bí ó bá wà nínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Àpò aṣọ òwú ló dára jù fún un. Wọ́n sì ń ki bébà tí kò ní yíǹkì bọ inú rẹ̀ kí ó má baà wó, wọ́n ń gbé e jókòó dípò kí wọ́n fi ìdìmú rẹ̀ gbé e kọ́, wọ́n sì ń gbé e síta fún afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ olùkójọ lẹ́nu ni pé àìlò pàápàá lè ba báàgì jẹ́. Aṣọ inú àwọn báàgì kan láti àwọn ọdún 1980 àti 1990, èyí tí wọ́n fi ohun bíi rọ́bà bò, máa ń di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Ẹni tó fi báàgì pamọ́ fún 20 ọdún láìṣí i lè bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á.

Awọ ẹranko ìgbẹ́ àti òfin

Báàgì tí wọ́n fi awọ ọ̀nì, òjòlá tàbí alángbá ńlá ṣe wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1973, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Ẹni tó bá fẹ́ tà á kọjá ẹnubodè nílò ìwé àṣẹ, bí kò bá sì ní i, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé báàgì náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2015, Jane Birkin fúnra rẹ̀ ní kí Hermès yọ orúkọ òun kúrò lára báàgì awọ ọ̀nì, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹranko sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pa àwọn ọ̀nì náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìwádìí tí ó sì ṣèlérí àtúnṣe, ó gbà kí orúkọ náà dúró.

Agbára ìtàn

Ìmọ́tótó báàgì ń mú owó rẹ̀ ga, síbẹ̀ ìtàn lè borí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé gbàǹjo Sotheby's ta Birkin àkọ́kọ́, èyí tí Jane Birkin fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò, ní Párísì. Ara rẹ̀ há, ojú sítíkà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn rí ṣì hàn, ohun tí ó fi ń gé èékánná sì ṣì so mọ́ ọn. Síbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 8 Yúrò tí olùkójọ kan láti Japan san lé e. Birkin ti fi í sílẹ̀ ní ọdún 1994 kí wọ́n tà á láti fi owó ran ìjà lòdì sí àrùn Éèdì lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn sún mọ́ Nàìjíríà. Báàgì ọlọ́nà igun mẹ́rin tí a ń pè ní Ghana Must Go gba orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Gánà ló di ẹrù wọn sínú rẹ̀. Ní ọdún 2007, Louis Vuitton gbé báàgì olówó ńlá kan jáde tó jọ ọ́ gidigidi. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Nàìjíríà kò wọ́n. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló sọ èkejì di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lára èyí tí kò wọ́n ló wúwo jù.

Awọ Nàìjíríà

Awọ ewúrẹ́ láti Kánò àti Sókótó ti lókìkí tipẹ́. Àwọn oníṣòwò ń kó o la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dé Yúróòpù, tí wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò. Títí di òní, awọ láti Nàìjíríà ń lọ sí Ítálì àti Spéènì. Ìlú Ọ̀yọ́ náà lókìkí fún iṣẹ́ ọnà awọ. Ní ọdún 2017, Femi Olayebi, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ FemiHandbags sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àpérò àti ọjà awọ tí a ń pè ní Lagos Leather Fair, níbi tí àwọn oníṣẹ́ awọ ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn. Àwọn olùkójọ kan ti ń ra irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Èyí dín ìbẹ̀rù ayédèrú kù, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ ọwọ́ tó rán an.

Ìgbẹ̀yìn àkójọ

Hendrikje Ivo, tó ń ta ohun àtijọ́ ní Nẹ́dálándì, fi báàgì kékeré kan tó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀. Igbá ahun ni wọ́n fi ṣe é, ọdún 1820 tàbí àyíká rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é ní Jámánì. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó báàgì jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ilé wọn ní Amstelveen ní ọdún 1996. Ní ọdún 2007, ó kó lọ sí ilé ńlá kan ní Amsterdam, níbi tí ohun tó lé ní 5,000 wà. Lára wọn ni báàgì ọkùnrin kan tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe ní ọ̀rúndún 16. Nígbà tí àrùn COVID-19 dé ní ọdún 2020, àlejò kò wá mọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pátápátá.

Bí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ báàgì mẹ́wàá inú kọ́bọ́ọ̀dù gba ìrònú. Nítorí náà, àwọn olùkójọ tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ya àwòrán báàgì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti rà á, ọjọ́ tí wọ́n rà á àti iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń gba adójútòfò fún èyí tó wọ́n, wọ́n sì ń sọ fún ẹbí ohun tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, báàgì tó tọ́ mílíọ̀nù náírà lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀ ju pé báàgì àtijọ́ ìyá òun ni, kí ó sì bá àlòkù lọ sọ́jà.