Hẹ́dífóònù planar olówó pọ́ọ́kú: ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ ó ti lò ó kí ẹ tó rà á

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ ní Mopa, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kò nílò kó tó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin tàbí Èkó mọ́. Bó bá ti ní kọ̀ǹpútà, maikirofóònù kan àti yàrá tí ariwo kò pọ̀ sí, ó lè gba orin àwọn akọrin ìjọ sílẹ̀, ó sì lè gba ìtàn àti oríkì tí àgbàlagbà fi èdè Yàgbà sọ. Ohun tó kù ni ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ìyẹn hẹ́dífóònù tí à ń gbé sórí, tó ń bo etí méjèèjì.

Irú hẹ́dífóònù kan wà tí wọ́n ń pè ní planar. Kì í ṣe ohun tuntun, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan ti gbé HP-1 jáde lọ́dún 1976. Ṣùgbọ́n ohun olówó ni fún ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2010, LCD-2 tí ilé-iṣẹ́ Audeze ṣe ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Nígbà tó di ọdún 2021, HIFIMAN gbé HE400se jáde ní dọ́là 149. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣé ọbẹ̀ tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ tó báyìí ṣì lè dùn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú hẹ́dífóònù tó wọ́pọ̀, wáyà tín-ín-rín tí a ká jọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ kékeré kan. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà náà kọjá, agbára òòfà tó wà nítòsí yóò máa tì í síwá sẹ́yìn, wáyà yóò sì máa gbé awọ náà jìgìjìgì. Ti planar yàtọ̀. Ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni wọ́n ta bí ẹni ta awọ ìlù, wọ́n sì la ọ̀nà iná káàkiri ojú rẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀rá náà ni agbára òòfà ń mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí hàn nínú ohùn rẹ̀. Béèsì a máa lọ sílẹ̀ gan-an láìwú bo ohùn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìyáàlù àti omele pọ̀ yóò lè tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fún ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àǹfààní ńlá ni èyí. Hẹ́dífóònù tí béèsì rẹ̀ pọ̀jù kò ní sọ igbá di ìgbà, ṣùgbọ́n ó lè bo ohùn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé a kò ní tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò dún dáadáa. Ohun tí àwọn kan kò fẹ́ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí ni pé ohùn òkè wọn a máa ta sí etí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dí. Asẹ́ ló wà níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ àti ohùn lè máa jáde. Òun ló ń mú kí orin dà bíi pé akọrin wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò há mọ́ ni lágbárí. Ibi tí ohùn ń gbà jáde náà ni ariwo ń gbà wọlé: bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ ketekete. Bí akọrin bá sì gbé e sórí níwájú maikirofóònù, orin tó ń jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wọ inú ohun tí ẹ ń gbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbára tún wà ńbẹ̀. HE400se ń fúnni ní desibẹ́ẹ̀lì 91 lórí ìwọ̀n agbára kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ íápíìsì ń fúnni ju 100 lọ. Ìyàtọ̀ desibẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá túmọ̀ sí pé a nílò agbára ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, fóònù lásán lè má gbé e dáadáa. Ẹ ka owó ámúpílífáyà kékeré mọ́ owó rẹ̀.

Ní ti bí wọ́n ṣe kàn án pọ̀, ibẹ̀ ni owó tó dínkù ti ń hàn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 390, a sì máa wúwo lórí bí iṣẹ́ bá pẹ́. Ẹ yẹ apá tó di ife etí mú wò bóyá ike ni, kí ẹ sì rí i pé wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, nítorí wáyà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Lásìkò ọyẹ́, eruku yóò gba ojú asẹ́ wọlé. Èyí tó burú jù ni ẹ̀rún irin, nítorí òòfà yóò fà á mọ́ra, ó sì lè ha ọ̀rá náà. Ẹ má ṣe gbé e sítòsí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, kí ẹ sì máa fi sínú àpò bí iṣẹ́ bá parí.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: bí owó yín kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ kọ́kọ́ ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí. Àpẹẹrẹ kan ni Sony MDR-7506, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1991, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 230 lọ. Òun ni ẹ ó fi gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní irú èyí, tó sì ní yàrá tó dákẹ́ lóru, ló yẹ kó fi planar kún un láti máa fi tún iṣẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà, nítorí àgbàlagbà tó kọrin fún yín lónìí lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ láti tún un kọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá yóò gbà á padà bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dún ju èkejì lọ, kí ẹ sì fi ohùn èèyàn dán an wò, kì í ṣe orin ijó nìkan.