Ẹyẹ Funfun Nínú Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti mú, Ẹ̀pẹ́ ni kẹ́ ẹ wá mi lọ. Láti Ìkòròdú, mo máa ń débẹ̀ kí ariwo Ọjà Olúwo tó bẹ̀rẹ̀. Lékèélékèé ńlá ni mò ń wá, èyí tí kì í bá màlúù rìn. Òun nìkan ló máa ń dá dúró létí ọ̀sà, ọrùn rẹ̀ á ká wọ èjìká. Kùrukùru a bo omi, a bo ọ̀run, gbogbo rẹ̀ a funfun.

Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti máa ń ṣìnà. Wọ́n ṣe é pé kó máa fa gbogbo nǹkan sí àwọ̀ eérú. Tó bá rí funfun púpọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹyẹ á wá dà bí ohun tó yí nínú eérú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra yín, ìwọ̀n kan tàbí kan ààbọ̀. Ohun tí àwọn tó ń ya béárì funfun nínú yìnyín Svalbard, ní Norway, ń ṣe náà nìyẹn. Láti 2025, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fi 300 mítà jìnnà sí béárì; láti oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹfà, 500 ni.

Tèmi ò léwu tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn bẹ bàbá apẹja tó ń wà mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ dáwọ́ àjẹ̀ dúró." Wọ́n ní, "Ẹja ni kó o yà, òun là ń jẹ."