Pádì Méjì Lójú Tẹlifíṣọ̀n Kan

Ìdákẹ́jẹ́ ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Bàbá onílé wa ní Ọ̀pẹbí níhìn-ín kan ìlẹ̀kùn mi. Mo ṣí i, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ tíì dá mi lóhùn tán tí ó fi na ọrùn wo inú pálọ̀ láti ẹ̀yìn mi.

"Tíṣà, kò sí o? Ṣé ara àwọn ọmọ yá?"

"Ara wọ́n le, sà. Gbogbo wọn ló wà nílé."

"Ọmọ mẹ́ta wà nílé, n kò sì gbúròó ẹnì kankan láti àárọ̀? Mo ní kí n wá wò wọ́n ni."

Kò sí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Àkọ́bí mi wà lórí àga, ó fi nǹkan dí etí méjèèjì, ó ń bá àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí òun náà kò mọ̀ rí, gbá géèmù lórí fóònù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dojú bo fóònù ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 6, jókòó sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wòran. Bàbá wò wọ́n títí, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí àjọ tí àwa olùkọ́ ń dá kàn mí, mo sọ fún ìyàwó mi pé n ó ra ẹ̀rọ géèmù gidi, èyí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn ọmọ lè jọ máa gbá a. Ẹ má ṣe rò pé owó kékeré ni o. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ lójú dọ́là, ohun tí ó bá ti òkè òkun wá kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń nawọ́ mú bẹ́ẹ̀. Mo dé ọjà, mo bi ọmọkùnrin tí ó ń tà á léèrè pé, "Ṣé ènìyàn méjì lè gbá géèmù yìí?" Ó ní, "Méjì kẹ̀, sà? Ọgọ́rùn-ún lè gbá a!" Mo ra ẹ̀rọ, mo ra síídì, mo sì fi owó gidi ra pádì kejì.

Ọmọkùnrin náà kò purọ́. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè gbá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀ ni! A so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán rẹ̀ sì dára bí ẹni pé sinimá ni. Àkọ́bí mú pádì kìn-ín-ní, àbíkẹ́yìn mú èkejì. Iná pádì kejì tàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó mì lójú tẹlifíṣọ̀n. A yẹ̀ ẹ́ wò sókè sódò. Ìgbẹ̀yìn ni a tó mọ̀ pé kí ẹnì kejì tó lè bá ẹni àkọ́kọ́ gbá a, yóò ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ àti síídì tirẹ̀, yóò san owó àsansílẹ̀ tirẹ̀, yóò sì tún ra dátà. Mo wọlé lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, àbíkẹ́yìn ṣì ń tẹ pádì rẹ̀ kíkankíkan, òógùn ti bò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún un pé òun ni sójà tí ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yẹn.

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bínú, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n tèmi ṣe fún mi gan-an nìyẹn. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran nígbà náà, ó sì ra PlayStation àlòkù kan fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi a fún mi ní pádì tí ó ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, èmi a sì máa tẹ̀ ẹ́, inú mi a máa dùn pé èmi ni mo jẹ gbogbo góòlù. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ihò kejì wà lára ẹ̀rọ náà, ó ń dúró dè mí. Ọjọ́ tí mo gbọ́n ni mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Nígbà tí PES 6 jáde ní ọdún 2006, tí Adriano ti Inter Milan ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ bí ẹni yìnbọn, Adriano yẹn ni mo fi na ẹ̀gbọ́n mi ní góòlù 5 sí òdo lórí PlayStation 2. Bàbá wa wà lórí àga rẹ̀, ó ń wò wá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi ń pè mí ní Ọ̀ta.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ nílé a lọ sí ilé géèmù. Tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ńṣì pákó, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ó parí. Ẹni tí wọ́n bá nà a gbé pádì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Itan ẹni tí o ń nà kan itan rẹ, nítorí náà bí o bá bú u kọjá àlà, ó mọ ibi tí orí rẹ wà. Àwọn òbí wa kórìíra ibẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí owó oúnjẹ ọ̀sán mi mélòó kan ni ó wọlé síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé. Pong tí ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1972, ènìyàn kan kò lè dá a gbá. Ènìyàn méjì ni wọ́n ṣe é fún, gẹ́gẹ́ bí ọpọ́n ayò ti ní ojú 12 àti ọmọ ayò 48 fún ọ̀ta àti ọ̀pẹ tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Nintendo 64 tí ó jáde ní ọdún 1996 ní ihò pádì 4 níwájú. Nígbà tí GoldenEye 007 sì dé ní ọdún 1997, wọ́n pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí mẹ́rin, olúkúlùkù ní igun tirẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ibẹ̀ a máa yọjú wo igun ẹlòmíràn láti mọ ibi tí ó fara pamọ́ sí.

Kí ló wá dé? Géèmù bọ́ọ̀lù kò ní ìṣòro, pápá kan ni, àwòrán kan ni, ẹni méjèèjì ń wò ó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a ṣì ń fi pádì méjì gbá a títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú géèmù ogun tàbí ti eré ìje, tí èmi lọ sápá òsì tí ìwọ lọ sápá ọ̀tún, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ya gbogbo ayé inú géèmù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì yà á nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa rìn geere lójú. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tí ó ní ààrò kan, tí wọ́n ní kí ó se ìkòkò méjì láàárín àkókò kan náà. Bí àwòrán ti ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ń tóbi sí i, àwọn tí ń ṣe géèmù sì yàn láti se ẹyọ kan kí ó dùn. Halo tí ó jáde ní ọdún 2001 fi ènìyàn méjì lórí àga kan gba òkìkí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Halo 5 ní ọdún 2015, wọ́n ní nítorí àwòrán 60 yẹn ni. Àwọn ènìyàn pariwo. Ní ọdún 2017 wọ́n ṣèlérí pé yóò padà. Halo Infinite dé ní ọdún 2021, a ń retí rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wọ́n sì sọ pé ìtàn inú rẹ̀ kò ní ṣeé gbá ní méjì lójú tẹlifíṣọ̀n kan mọ́.

Owó náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ kan àti síídì kan fún ọmọ mẹ́rin, bí ó bá rí ọ̀nà tí olúkúlùkù yóò fi ra tirẹ̀, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́? Xbox Live bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àsansílẹ̀ ní ọdún 2002. Nígbà tí PlayStation 4 dé ní ọdún 2013, Sony náà sọ ọ́ di dandan fún púpọ̀ nínú géèmù tí a ń bá ará òkèèrè gbá.

Síbẹ̀ n kò ní jẹ́ kí ìbínú mú mi sọ ohun tí kò tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń wí yìí ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ẹ̀rọ yìí ni òun àti àkọ́bí mi sì ń pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí kì í bá ṣe èyí, ọmọ náà ì bá má mọ ohùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù a máa pẹ́ kí ó tó dé ẹsẹ̀, iná a sì máa lọ láàárín eré, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan kò sì tíì gbàgbé àga kan yẹn. Hazelight ní Sweden ṣe It Takes Two ní ọdún 2021, ènìyàn kan kò lè dá a gbá láé, òun náà ni wọ́n sì fún ní ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo géèmù ọdún náà níbi The Game Awards. Nintendo Switch ti ọdún 2017 ní pádì tí a ń fà ya sí méjì, kí ẹni tí ó rà á tó dé ilé ó ti ní ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń lọ sí ọjà, ẹ má bèèrè bí mo ti bèèrè. Ẹ bèèrè pé, "Ṣé ènìyàn méjì lè jọ gbá a lójú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, láìsí dátà?" Ẹ sì yẹ ẹ̀yìn páálí rẹ̀ wò: iye ènìyàn tí ń gbá a nílé lè jẹ́ 1, kí iye tí ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ púpọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa wò.

Mo padà sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi owó díẹ̀ lé e, mo sì fi síídì náà gba ti bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin mi ni ọ̀gá ilé wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì fẹ́ kí a sọ iye góòlù tí ó jẹ ẹ́ níwájú àlejò. Wọ́n ń jà lórí pádì, ìyá wọn ń pariwo pé òun yóò fa wáyà yọ. Bàbá onílé tún gòkè wá ní Sátidé tó kọjá. Mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀ nítorí ariwo, ṣùgbọ́n àga ni bàbá fà, ó ní èwo ni Nàìjíríà nínú wọn.

Àbíkẹ́yìn ni ó di pádì kejì mú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fojú wá ẹni tirẹ̀ lórí pápá, ó sì rí i tí ó yí.

"Dádì, ẹ wò ó! Èmi nìyẹn, mo ń sáré."