Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì? Ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé

Wọ́n pè yín sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n na létà sí yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ dá káàdì ìdánimọ̀ padà. Kí ọkàn yín tó balẹ̀, ìwé kejì ti wà lórí tábìlì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀. Ìwé kejì yẹn la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ ò sì ní bá wọn ṣẹjọ́ mọ́. Ẹ rọra sọ fún wọn pé ẹ máa mú un lọ sílé lọ kà. Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wá létà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde, kẹ́ ẹ wo iye ọjọ́ nótíìsì tó wà níbẹ̀. Fún àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ iye tí nótíìsì ò gbọ́dọ̀ dín sí. Ẹni tí ò tíì ju oṣù 3 lọ níbi iṣẹ́, ọjọ́ 1 ni. Tó bá ti ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Láti ọdún 2 títí tí yóò fi ku díẹ̀ kó pé 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ọdún 5 sókè, oṣù 1. Ọ̀gá tí kò bá fún yín ní nótíìsì gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ yẹn. Ní ti àwọn máníjà, létà ìgbaniṣíṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dì mú. Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ń dín òṣìṣẹ́ kù ni, òfin yìí kan náà ní kí wọ́n fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí. Tọ́rọ̀ bá dé kóòtù, National Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní ẹ̀ka n'Íbàdàn, l'Ékòó àti l'Ákúrẹ́.

Owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, tí ọ̀gá á fi ìdá 10 kún un. Ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀, tó bá ti lo oṣù 4 láìríṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn ni pé ẹni tó kúrò níṣẹ́ lópin oṣù Kẹta, ìparí oṣù Keje ló tó lè béèrè. Ẹ má rò pé owó ọ̀fẹ́ ni o, owó ọjọ́ ogbó yín lẹ̀ ń bù jẹ yẹn.

Ẹ má dúró dìgbà tóṣù 4 bá pé kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá yín tọ́jú owó náà. Ẹ ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín fún yín, kẹ́ ẹ kà á lóṣooṣù. Àwọn ọ̀gá kan wà tó máa ń yọ owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí wọn ò ní fi ránṣẹ́. Òfin fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, ó kéré tán, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọn ò san ni ìtanràn ẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Àjọ PenCom lẹ máa fẹjọ́ wọn sùn.

Oṣù 4 yẹn gan-an wá niṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àràárọ̀ ni wọ́n ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí ìyàwó tàbí ọkọ má baà mọ̀. A mọ̀ pé ìtìjú ni, àmọ́ ẹni tí ò mọ̀ pé owó ti dáwọ́ dúró á ṣì máa náwó bó ṣe ń náa tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ sọ nílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tètè rí lándílọ́ọ̀dù kówó ilé tó pé, kẹ́ ẹ sì bẹ iléèwé àwọn ọmọ pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yáwó ní kóópù, ẹ jọ ṣírò ohun tó kù, torí àwọn onídùúró yín ni wọ́n máa dì mú.

Àwọn ápù tó ń yáni lówó lórí fóònù ńkọ́? Ní tiwa o, ẹ jìnnà sí wọn lásìkò yìí. Èlé wọn máa ń wúwo, ọjọ́ tí wọ́n ń dá kéré, àwọn kan lára wọn sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti èèyàn lójú gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó rí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Tówó ìdágbére bá sì wọlé, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló máa ní òwò tó dáa fún yín, adìyẹ lónìí, POS lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ oṣù 4 sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ sì tọ́jú létà tí wọ́n fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, torí déètì tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa fi ka oṣù 4 náà.