Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Fọ́ọ̀mù Yín?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi wọ ẹgbẹ́, ìgbà wo lẹ fojú kàn án kẹ́yìn? Ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí kò tí ì lọ́kọ ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹ̀gbọ́n ni ẹgbẹ́ yóò pè. Akọ̀wé kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ohun tó wà nínú ìwé ló ń tẹ̀ lé.

Ìwé ìhágún náà ń gbó. Ẹni tó ti ṣe é, tó wá ṣe ìgbéyàwó alárédè lẹ́yìn náà, òfin ilẹ̀ wa ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, àfi kó ṣe òmíràn. Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níjokòó papọ̀ nígbà tí ẹ bá ń buwọ́ lù ú. Ẹ má fi ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù ṣe ẹlẹ́rìí o! Ìwé kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún nìyẹn.

Olóbìnrin méjì nílànà ìbílẹ̀ tí kò ṣe ìwé kankan ńkọ́? Ìdí-igi ni wọ́n sábà ń fi pín ogún rẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo gba ìdajì, mẹ́fà lọ pín ìdajì yòókù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ, ẹ rí akọ̀wé lọ́jọ́ ìpàdé.